Orúkọ Lórí Òkúta

Láti Pápá Àjàó tí mo ń gbé, ọ̀nà kò jìn púpọ̀ dé itẹ́ òkú Àtán ní Yàbá. Bí mo bá bá wọn sin òkú dé ibẹ̀, mo máa ń yà wo ibojì àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ikú ká mọ́ ìdálẹ̀.

Commonwealth War Graves Commission, tí a dá sílẹ̀ ní 1917, ni ó ń mójú tó irú ibojì bẹ́ẹ̀. Òfin rẹ̀ dùn létí: kí a kọ orúkọ olúkúlùkù òkú sílẹ̀, kí a má sì fi ipò, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ṣáájú wọn: ìbí kò ju ìbí.

Ṣùgbọ́n ní 1923, Guggisberg, gómìnà Gold Coast, sọ pé mẹ̀kúnnù ilẹ̀ náà kò ní mọ rírì òkúta ibojì. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó borí òfin. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, 116,000 òkú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó sì lè tó 350,000, ni a kò dárúkọ tàbí tí a kò rántí rárá. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Ìlà Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì.

Ta ni kò mọ rírì ibojì? Ṣé àwa tí a ń sin baba sínú ilé, tí a ń fi oríkì pè é? Bí ọmọ wa bá kú sí ìdálẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé, a ó gé irun àti èékánná rẹ̀ wá sílé, a ó sì sin ín.

Ère sójà àti aláàárù tí ó wà ní Ìdúmọ̀tà rí jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí ó yẹ kí a yìn, nítorí ó bu ọlá fún ẹni tí ó ru ẹrù bí ó ti bu ọlá fún ẹni tí ó gbé ìbọn. Síbẹ̀, ère kì í ṣe orúkọ. Ọmọ aláàárù tí ó kú ní Kamẹrúùnù kò lè nawọ́ sí i kí ó ní, "Baba mi nìyí."

N kò ní kí a wú òkúta àlejò ní Yàbá. Ẹni tí ó kú sí wa lọ́wọ́, ẹ̀yẹ wa ni kí a tọ́jú ibojì rẹ̀. Ohun tí mo ń bèèrè ni kí a wá orúkọ àwọn tiwa nínú ìwé àtijọ́ àti lẹ́nu àwọn ẹbí tí ó ṣì ń kì wọ́n, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ohun tí a ṣe fún àlejò má ṣe wọ́n fún ọmọ.