Mobọ́lájí Johnson, Ológun Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Mọ́

Àwa tí a ń gbé Akute tí a ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó mọ ààlà tó wà láàrin wa àti Òjòdú dunjú. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ló di ààlà ìpínlẹ̀, nígbà tí ìjọba Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Akute ṣẹ́ kù sí Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì bọ́ sọ́wọ́ Mobọ́lájí Johnson, ọ̀gá ológun ọmọ ọdún 31 tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sandhurst ló ti kọ́ṣẹ́ ogun, ó sì bá àwọn ọmọ ogun wa lọ pẹ̀tù sáàwọ̀ ní Kóńgò. Ìpínlẹ̀ tuntun ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, ìpìlẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó fàyè gba àwọn òṣìṣẹ́ ọba tó mọṣẹ́, tí Adéyẹmí Bero jẹ́ aṣáájú wọn. Ní 1972, ó pa àwọn àjọ tó ń kọ́lé pọ̀ di LSDPC, àjọ ilé àti ìdàgbàsókè Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń yìn ín jù kì í ṣe ilé tàbí títì. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo rọ̀bì ya wọ̀lú bí àgbàrá. Gómìnà ológun kò ní aṣòfin tí yóò bi í léèrè, kò ní olùdìbò tí yóò yọ ọ́. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni Johnson fi wà lórí àga yẹn. Nígbà tí Murtala Muhammed gbàjọba ní oṣù Keje ọdún 1975, ó yọ àwọn 12 tó ń darí ìpínlẹ̀, ó sì ní kí ìgbìmọ̀ kan tú ohun ìní wọn yẹ̀ wò. Mẹ́wàá ni kò yege. Àwọn méjì tó mórí bọ́ ni Johnson àti Olúwọlé Rótìmí, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e yẹ̀ wò dáadáa: abẹ́ Rótìmí ni Akute wà nígbà náà, abẹ́ Johnson sì ni Òjòdú. Inú mi máa ń dùn gan-an láti sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa, torí ọ̀pọ̀ wọn rò pé kò sí aláṣẹ kankan tí kì í jí owó ìlú.

Ọmọ ọdún 39 ni nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ó di oníṣòwò, ó sì jẹ́ alága Julius Berger, ilé iṣẹ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdókọ̀ Bẹ́gà. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ló kú, lẹ́ni ọdún 83. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Èbúté Mẹ́tta. Ó wù mí kí wọ́n kọ àbájáde ìgbìmọ̀ 1975 náà sára ògiri ibẹ̀, kí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ lè kà á.