Òwe Ará Samáríà àti Àwọn Tí Ń Túmọ̀ Rẹ̀

Kò sí ọmọ ilé-ìwé tí ó ti jókòó nínú kíláàsì Ìmọ̀ Bíbélì tí kò mọ ìtàn aláàánú ará Samáríà, èyí tí ó wà ní orí kẹwàá Ìyìn Rere Lúùkù. Ọkùnrin kan ń ti Jerúsálẹ́mù sọ̀kalẹ̀ lọ sí Jẹ́ríkò. Àwọn ọlọ́ṣà lù ú, wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó kú. Àlùfáà kan rí i, ó kọjá. Ọmọ Léfì kan rí i, òun náà kọjá. Ará Samáríà kan dé, ó di ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé ẹranko tí òun fúnra rẹ̀ ń gùn, ó sì san owó ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé-èrò. Nítorí pé ìtàn náà rọrùn láti rántí, àwa olùkọ́ rò pé ó rọrùn láti túmọ̀. Èmi pàápàá rò bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún.

Ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ ọ nìyí. Èmi a fa ìlà sí àárín pátákó ìkọ̀wé. Ní apá òsì, èmi a kọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ìtàn náà, ní apá ọ̀tún, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún. Ọkùnrin náà ni Ádámù. Àwọn ọlọ́ṣà ni Sátánì àti àwọn ańgẹ́lì rẹ̀. Ará Samáríà ni Jésù. Ilé-èrò ni Ìjọ. Bí ìdánwò bá dé, ẹni tí ó bá há apá méjèèjì sórí a gba máàkì pé. Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ na ọwọ́ sókè, ó ní, "Sà, ẹranko náà ńkọ́? Ta ni òun?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ní ìdáhùn: mo sọ fún un pé ẹranko náà ni ara ènìyàn tí Olúwa gbé wọ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì jókòó.

Èmi kọ́ ni mo dá ìdáhùn náà sílẹ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ẹni tí ó kú ní ọdún 430, ti ṣe irú ìtumọ̀ yìí ní kíkún. Lójú rẹ̀, Jerúsálẹ́mù ni ìlú àlàáfíà ti ọ̀run. Jẹ́ríkò ni òṣùpá, tí í ṣe àmì ikú ẹ̀dá, nítorí pé òṣùpá a máa lé, a máa dàgbà, a máa fà sẹ́yìn, a sì máa wọ̀ọ̀kùn. Òróró ni ìtùnú ìrètí, owó idẹ méjèèjì ni òfin ìfẹ́ méjèèjì, olùtọ́jú ilé-èrò sì ni Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni Augustine, kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ èké ni ó fi ìtàn náà kọ́. Ṣùgbọ́n amòfin tí Jésù pa òwe náà fún, báwo ni ìbá ṣe mọ̀ pé Pọ́ọ̀lù ni olùtọ́jú ilé-èrò, nígbà tí Pọ́ọ̀lù kò tíì di ọmọ-ẹ̀yìn rárá? Òwe tí ẹni tí a pa á fún kò lè mọ̀, ta ni a wá pa á fún?

Níhìn-ín ni èdè wa ti ràn wá lọ́wọ́. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, kò wá ọ̀rọ̀ tuntun kiri. Òwe ni wọ́n pe àwọn ìtàn wọ̀nyí, orúkọ kan náà tí wọ́n fún Ìwé Òwe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n àwọn Hébérù kò yà wọ́n: mashal ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ ṣókí àti ìtàn gígùn. Lúùkù náà, ní orí kẹrin, lo ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà fún ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi gún oníṣègùn lára, pé kí ó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ sàn. Ẹni tí ó bá sì dàgbà lọ́dọ̀ àwọn àgbà mọ̀ pé a kì í ka iye ohun tí ó wà nínú òwe kí a tó mọ̀ ọ́n. Bí bàbá kan bá wí fún ọmọ rẹ̀ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ọmọ náà kì í béèrè ohun tí àkísà dúró fún. Ohun tí ó ń bi ara rẹ̀ ni pé, kí ni mo ṣe tí bàbá mi fi pa á fún mi?

Ẹ jẹ́ kí a bi òwe ará Samáríà ní ìbéèrè yẹn. Amòfin kan ni ó dìde láti dán Jésù wò. Ó mọ òfin pé kí ènìyàn fẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ bí ara rẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ọmọnìkejì parí sí, kí ó lè mọ ẹni tí òun kò jẹ ní gbèsè ìfẹ́. Òwe náà kò pa ààlà kankan fún un. Ọ̀nà tí a dárúkọ jẹ́ ọ̀nà gidi, nǹkan bí kìlómítà 27, tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti orí òkè Jerúsálẹ́mù dé àfonífojì Jọ́dánì, tó bí ẹgbẹ̀rún mítà ní sísọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Lúùkù wí pé ọkùnrin náà ń sọ̀kalẹ̀, kò sí awo níbẹ̀. Àlùfáà náà ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ó fi hàn pé ẹ̀yìn ni ó kọ sí tẹ́ḿpìlì. Àwíjàre tí àwọn kan máa ń ṣe fún un, pé ó ń bẹ̀rù kí òkú má sọ òun di aláìmọ́ kí òun tó dé ibi ìrúbọ, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Lẹ́yìn àlùfáà àti ọmọ Léfì, ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ń gbọ́ máa retí ọmọ Ísírẹ́lì kan lásán, ẹnìkan bí tiwọn, tí yóò dójú ti àwọn ọlọ́lá. Ará Samáríà ni ó yọ. Ọ̀tá ni àwọn Júù àti àwọn ará Samáríà láti ìgbà pípẹ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó bí Jésù tí John Hyrcanus, olórí àwọn Júù, ti wó tẹ́ḿpìlì wọn lórí òkè Gérísímù. Kódà ní orí kẹsàn-án ìwé Lúùkù yìí kan náà, abúlé ará Samáríà kan kọ̀ láti gba Jésù, Jákọ́bù àti Jòhánù sì fẹ́ pe iná láti ọ̀run wá sórí wọn. Ó yẹ kí a máa ka orí méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Bí a bá wá sọ pé Jésù ni ará Samáríà náà, gbogbo oró yìí pòórá. Ta ni kò ní fẹ́ kí Jésù gbé òun?

Ní ìgbẹ̀yìn, Jésù yí ìbéèrè padà. Amòfin béèrè ẹni tí í ṣe ọmọnìkejì òun. Jésù béèrè ẹni tí ó di ọmọnìkejì fún ẹni tí ó bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́ṣà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá yìí dára púpọ̀, nítorí kò sọ nípa ilé tí ó súnmọ́ra bí aládùúgbò ti ń sọ ọ́: ẹni tí ó bá ṣe ìkejì mi, èmi náà ni ìkejì rẹ̀. Amòfin dáhùn bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ Samáríà kò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó ṣàánú ni ó wí. Bí Nátánì ti ṣe sí Dáfídì náà nìyí, tí ọba fi ìbínú dá ẹjọ́ ẹni tí ó gba àgùntàn tálákà, kí ó tó mọ̀ pé orí ara òun ni òun dá a lé.

Adolf Jülicher, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí apá kejì ìwé rẹ̀ lórí àwọn òwe Jésù jáde ní 1899, ni ó kọ ìtumọ̀ apá òsì àti apá ọ̀tún yìí gidigidi. Ó ní kókó kan ṣoṣo ni òwe kọ̀ọ̀kan ní. A jẹ ẹ́ ní ọpẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kókó tí òun náà ń yọ jáde a máa fẹjú tó bẹ́ẹ̀ tí amòfin ìbá fi mi orí, kí ó sì lọ sùn ní ilé rẹ̀ láìsí ìdààmú. Ẹnìkan lè wí pé Máàkù orí kẹrin túmọ̀ òwe afúnrúgbìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà wà láìsí ìtumọ̀ kankan nínú Ìyìn Rere Tọ́másì, tí a rí nítòsí Nag Hammadi ní Íjíbítì ní 1945. Ìtumọ̀ ti Máàkù pàápàá, ọ̀rọ̀ nípa àwọn olùgbọ́ ni.

Ní ọdún tí ó ṣáájú ìfẹ̀yìntì mi, mo pa ìlà àárín pátákó rẹ́. Mo ní kí olúkúlùkù ọmọ fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó sì kọ sínú ìwé rẹ̀, láìfi han ẹnikẹ́ni, orúkọ ẹni tí òun kò ní fẹ́ kí ó gbé òun dìde. Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí wọ́n fẹ̀sùn olè kan bàbá rẹ̀ nínú ìlú. Kò sí ẹni tí í bá a jẹun lákòókò ìsinmi. Àwọn ọmọ tẹrí ba, wọ́n ń kọ̀wé. Èmi náà mú bírò, mo kọ orúkọ kan. Ọmọkùnrin náà nìkan ni kò kọ nǹkan kan. Nígbà tí mo tọ̀ ọ́ lọ, tí mo rọra bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Sà, kò sí ẹni tí n kò ní jẹ́ kí ó gbé mi." N kò gba ìwé wọn láti fún wọn ní máàkì ní ọjọ́ náà.