Òjìjí Nínú Ọbẹ̀ Marúgbó

Bí akéwì bá kéwì, a ó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀. Bí òṣèré bá ṣeré, a ó sọ ibi tí ó ti ṣe bẹbẹ àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó. Ọbẹ̀ tí obìnrin kan jí sè láti òwúrọ̀ kùtùkùtù nìkan ni a máa ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo dájọ́: ó dùn, tàbí kò dùn. Ní tèmi, ọbẹ̀ tó nǹkan tí à ń ṣe lámèyítọ́ fún. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ lórí oúnjẹ ẹja kan tí mo jẹ nílẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ilé olóúnjẹ náà wà ní Òkìtìpupa, lápá ibi tí ọ̀nà ti ń lọ sí Igbókòdá, níbi tí ọjà ẹja àwọn Ìlàjẹ wà. Ẹni tí ó bá wà nítòsí irú ọjà bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ẹja odò ni a ó kọ́kọ́ fi lọ òun. Ohun tí olóúnjẹ kà sílẹ̀ fún mi ni Titus, kòtè àti pànlá, àwọn ẹja inú yìnyín tí àwọn ará òkè ń pè ní òkú Èkó.

“Ìyá, ṣé kò sí ẹja odò ni?”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ó wà o, bàbá, àmọ́ òjìjí ni. Ẹ̀yin àlejò kì í jẹ ẹ́.”

Mo ní kí wọ́n bù ú wá.

Òjìjí ni ẹja tí ó ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná kiri nínú ara. Apẹja tí ó bá ṣèèṣì fọwọ́ kàn án láàyè yóò gbọ̀n jìnnìjìnnì. Agbára iná ọ̀hún lè tó 350 fóòtì, èyí tí ó ju iye tí ń wọ ilé wa lọ, ní ọjọ́ tí iná bá wà. Kò ní ìpẹ́, kò sì ní ẹ̀gún tí ń gún ni lọ́wọ́ bíi ti àrọ̀. Iná yẹn ni ohun ìjà rẹ̀. Bí ó bá ti kú, iná kú, ó sì di ẹran ọbẹ̀ bí ẹja yòókù. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́kàn ẹni tí kò bá a dàgbà.

Wọ́n ti yan án lórí iná kí wọ́n tó fi sínú ọbẹ̀ marúgbó, ọbẹ̀ dúdú tí kò mọ tòmátì, tí a máa ń sè fún ìyá ọlọ́mọ tuntun. Púpurú ni wọ́n fi gbé e wá. Níhìn-ín ni ọgbọ́n oúnjẹ náà wà. Gbogbo wa la mọ̀ pé a máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ kí ó kan, kí a tó bù ú ní ìṣù-ìṣù sórí àjà iná, kí èéfín wọ̀ ọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú, kí a tó ha èèpo dúdú náà kúrò, kí a gún un, kí a sì rò ó. Òkèlè ti gba èéfín, ẹja ti gba èéfín. Kíkorò ewé marúgbó ni ó ń là wọ́n láàrin, tí ọ̀kan kò fi bo èkejì mọ́lẹ̀. Awọ òjìjí nípọn, ó rọ̀ bíi pọ̀ǹmọ́ tí ó jinná dáadáa, ọ̀rá rẹ̀ sì ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Mo jẹ àjẹlánu. Àbùkù kan ṣoṣo ni mo rí: ìyá náà da horo amọ́bẹ̀dùn sí i jù. Ọbẹ̀ tí ewé rẹ̀ ní ohùn tirẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò máa pariwo lé e lórí.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú ẹja tí àlejò ń sá fún wà. Àwọn ará Kòríà ní ọ̀kan, hongeo, ẹja òkun pẹlẹbẹ tí ó fẹjú bí ewé kókò. Ìtàn wọn sọ pé bí ọkọ̀ bá ń kó ẹja láti erékùṣù Heuksan lọ sí Yeongsanpo, ìrìn náà a máa pẹ́, àwọn ẹja yòókù a bàjẹ́, ṣùgbọ́n hongeo a kàn máa kan, kì í sì í pa ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lára. Èròjà kan tí ó wà nínú ìtọ̀ wà nínú ẹran rẹ̀. Bí ó bá ti kan, a di ammonia, kòkòrò tí ń ba ẹja jẹ́ kò sì ní rọ́nà wọlé. Òórùn rẹ̀ ń fa ojú ya. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ àti kimchi tí ó ti pẹ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò mọ irú àti ògìrì ni èyí yóò yà lẹ́nu.

Wọn kò fi ẹja náà pamọ́ sẹ́yìn ilé fún àlejò. Àwọn ilé olóúnjẹ tí hongeo jẹ́ iṣẹ́ wọn tò lọ ní Yeongsanpo, ti Heuksan sì wọ́n gan-an, débi pé wọ́n ń ra irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Chile àti Argentina kún un. Èyí tí ó wù mí jù ni ti ọ̀mọ̀wé kan, Jeong Yak-jeon, tí ọba lé kúrò nílùú ní 1801 nítorí ẹ̀sìn Kátólíìkì. Ní Heuksan, ó jókòó ti ọmọ erékùṣù kan tí ó mọ ẹja, wọ́n jọ ń to orúkọ àti ìwà wọn. Ní 1814, iṣẹ́ náà di ìwé, Jasan-eobo, hongeo sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú bí àwọn ará Naju ṣe fẹ́ràn èyí tí ó ti kan. Ní 2021, wọ́n tún ṣe fíìmù nípa ìwé náà àti ẹni tí ó kọ ọ́.

Ta ni ó jókòó ti àwọn apẹja wa? Mo ní kí ìyá olóúnjẹ ka orúkọ àwọn ẹja odò tí ó ti sè rí fún mi. Ó ka mọ́kànlá láìdúró, àwọn mìíràn lédè Ìkálẹ̀, àwọn mìíràn lédè Ìlàjẹ. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ó mọ Titus, kòtè, ṣáwà àti pànlá, ó sì mọ iye tí wọ́n ń ta páálí ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò bá a wí. Àwa oníbàárà tí à ń fojú burúkú wo abọ́ òjìjí ni a kọ́ ìyá rẹ̀ pé kí ó máa fi í pamọ́.

Lára pátákó tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé olóúnjẹ náà, ìrẹsì, iyán, ẹ̀bà, púpurú àti Titus ni wọ́n fi ọ̀dà kọ. Ààyè ṣì kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìbá wù mí kí wọ́n kọ òjìjí síbẹ̀ gàdàgbà, kí iye rẹ̀ sì ju ti Titus lọ.