Síìmù Méjì, Ẹnu Bodè Kan

Ọ̀nà Kùtọ́nu kò jìnnà sí Ìpọ̀nrí ní Èkó. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni èèyàn ti lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìgànmú, kó bọ́ sílẹ̀ ní Mile 2, kó wá ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀ níbẹ̀. Ibùdó àyẹ̀wò tó wà lójú ọ̀nà yẹn ò ṣe é kà tán, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ mi lónìí. Báwo lèèyàn ṣe ń gbọ́ ohùn ará ilé láti òdìkejì bodè, láìfi èrè ọjà sanwó ìpè?

Nígbà tí GSM dé ní ọdún 2001, àádọ́ta náírà ni ìṣẹ́jú kan nílé níbí. Ta ló máa gbé irú síìmù bẹ́ẹ̀ sọdá bodè? Ní ọdún 2006, Celtel so Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà pọ̀ lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní One Network: oníbàárà ń gba ìpè lọ́fẹ̀ẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀, ó sì ń ra káàdì ibi tó bá bá ara rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ètò náà dé Nàìjíríà. Iṣẹ́ tó yẹ ká yìn ni. Àmọ́ Celtel kò sí ní Bẹ̀nẹ̀. Oníṣòwò Kánò tó ń lọ Niamey jàǹfààní rẹ̀. Tiwa tó ń lọ ọjà Dàǹtọkpá ní Kùtọ́nu ń wò ó lókèèrè.

Fóònù onísíìmù méjì ló gbà wá, irú èyí tí Tecno kó wọ̀lú ní nǹkan bí ọdún 2008. Ṣáájú rẹ̀, arìnrìn-àjò á yọ bátìrì, á yọ síìmù ilé, á wé e sínú bébà, á kì í bọ pọ́ọ̀sì, á sì máa wá a kiri nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ní báyìí, síìmù Nàìjíríà jókòó jẹ́ẹ́ sójú ihò kan, ó ń dúró de àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì. Ti Bẹ̀nẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó ń fa dátà. WhatsApp ṣì ń jẹ́ nọ́ńbà ilé lórí dátà náà. Ẹni tó ń pè yín láti Ìpọ̀nrí ò ní mọ̀ pé ẹ ti sọdá, àfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un.

Àwọn tó ń ta síìmù ní Kraké, ní òdìkejì bodè, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò yìí. Abẹ́ agbòòrùn ni wọ́n wà, tábìlì kékeré kan níwájú wọn: MTN, Moov, àti Celtiis tó dé ní ọdún 2022. Yorùbá, Ègùn àti Faransé, gbogbo rẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu kan náà. Ẹni tó ń tà á máa béèrè ìwé ìdánimọ̀, torí òfin ni kí síìmù lórúkọ. Á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí ojú ihò, á ti síìmù bọ̀ ọ́, á tẹ ìràwọ̀ àti nọ́ńbà díẹ̀, á sì fi fóònù yín pe tirẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí i pé ó ń dún kó tó gba sẹfà. Kò sí ìwé ẹ̀rí lára ògiri, nítorí kò sí ògiri. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ yẹ́lò tàn yín o: MTN ibí àti MTN ọ̀hún jọ ń jẹ́ orúkọ kan ni, síìmù wọn ò papọ̀.

ECOWAS ti ṣòfin ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 pé kí arìnrìn-àjò máa sanwó ìpè bí ọmọ onílùú. Òfin dáadáa ni. Ní tèmi, abẹ́ agbòòrùn yẹn ni mo ṣì ń gbà lọ.

Kẹ́ ẹ tó kọjá Gbájì lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ẹ pa dátà síìmù Nàìjíríà, torí fóònù a máa fa nẹ́tíwọọ̀kì òdìkejì kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Bí nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ àtijọ́ bá sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi 01 ṣáájú rẹ̀, lẹ́yìn 229. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́jọ kì í lọ mọ́.