Kọ́kọ́rọ́ tó wà ní àyà èrò

Nínú gbogbo ìwé tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere túmọ̀ sí èdè wa, tí a bá yọ Bíbélì kúrò, mi ò tíì rí èyí tó bá àwa ará ìdálẹ̀ mu tó *Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́*. David Hinderer, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún CMS ní Ìbàdàn, ló túmọ̀ rẹ̀. 1866 ló jáde. John Bunyan tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá ní Bedford nítorí ìwàásù, kó tó di pé ìwé náà jáde ní 1678. Hinderer náà ò gbé inú ìdẹ̀ra. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà òkun dí, òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ há sí Ìbàdàn fún bí ọdún márùn-ún, débi pé wọ́n ń ta ẹrù ilé jẹun. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa dárúkọ ìwé yìí bí wọ́n bá ń wá orísun Fágúnwà, wọ́n á sì kọjá lọ. Ìyẹn ò tó.

Ẹ wo àkọlé yẹn dáadáa. Èrò ni Hinderer pe arìnrìn-àjò náà, bí a ṣe ń pe èrò ọkọ̀ àti èrò ọjà: ẹni tó ń kọjá lọ, tí ibẹ̀ kì í ṣe ilé ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú ló ti yí padà mọ́ wa lẹ́nu. Bí ẹ bá gba Plumstead High Street kọjá lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn tó ń ta iṣu àti gàrí ti ń palẹ̀ mọ́, ẹ ó gbọ́ ìṣọ́ òru. Ìlọsíwájú ni wọ́n ń tọrọ níbẹ̀: ìwé ìgbélùú, iṣẹ́ gidi, ilé. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi náà máa ń ṣe àmín, tó rinlẹ̀ pàápàá. Ẹni tí fíísà ẹ̀ ku oṣù mẹ́ta, kí lẹ fẹ́ kó máa tọrọ?

Ohun tó ń dùn mí ni bí a ṣe ń jẹ́rìí. Ìṣòro á wà, àdúrà á gòkè, ẹrù á bọ́, ìjọ á pàtẹ́wọ́, ó parí. Nínú ìwé Bunyan, ẹrù bọ́ lẹ́yìn Christian níwájú àgbélébùú, bẹ́ẹ̀ ìtàn ò tíì dé ìdajì rárá. Ẹ̀yìn ìyẹn ló pàdé òkè ìṣòro, tó bá ẹ̀mí èṣù jà ní àfonífojì, tí wọ́n dáná sun ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọjà asán. Ẹni tó bá jẹ́rìí tirẹ̀ tán lọ́jọ́ Sunday, tí wàhálà sì tún kàn án lọ́jọ́ Monday, ìwé yìí nìkan ni mo mọ̀ tí kò ní bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá.

Ibi tí mo máa ń padà sí jù ni ilé olódi òmìrán Àìnírètí. Láti àárọ̀ Wednesday di alẹ́ Saturday, Christian àti Onírètí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kejì, wà ní àjà ilẹ̀, láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí ìmọ́lẹ̀. Òmìrán nà wọ́n bí ẹni máa kú, ó tún gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n kúkú pa ara wọn. Christian fẹ́ gbà. Onírètí ló ń bá a sọ̀rọ̀, tó ń dá a dúró. Lóru Saturday wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti ọ̀gànjọ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Ìṣọ́ òru gan-an nìyẹn! Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò mì bíi ti Pọ́ọ̀lù àti Sílà, áńgẹ́lì kankan ò wá. Christian kàn rántí pé kọ́kọ́rọ́ kan wà ní àyà òun, Ìlérí lorúkọ ẹ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Bunyan ò wá jẹ́ kó rọrùn: ní ẹnubodè onírin, kọ́kọ́rọ́ yẹn le kó tó yí. Òǹkọ̀wé tí kò bá ṣẹ̀wọ̀n rí ì bá ti fo ìyẹn.

Mo ní ìjà kan pẹ̀lú ìwé náà ṣá. Mo sọ ìtàn yìí fún obìnrin kan tí a jọ máa ń pàdé nínú bọ́ọ̀sì 177 láàárọ̀, nígbà tó bá ń ti iṣẹ́ care bọ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíísà iṣẹ́ yẹn ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Tirẹ̀ wà nílé. Mo dé ibi tí Christian ti fi ìka di etí, tó sá fi ìyàwó àtàwọn ọmọ sílẹ̀. Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ ẹ̀ ńkọ́?"

Ìwé kìíní ò dáhùn dáadáa. Wọ́n bi Christian léèrè wọn lọ́nà, ó sunkún, ó ní wọn ò gbà láti tẹ̀ lé òun, ìtàn sì ń lọ. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí Bunyan fúnra ẹ̀ sùn, torí ó tún mú kálámù. Nínú ìwé kejì, ìyàwó náà di ẹrù, ó kó ọmọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gba ọ̀nà kan náà. 1684 ni ìyẹn jáde. Ọdún mẹ́fà gbáko ni àwọn tó ka ti àkọ́kọ́ fi dúró kí obìnrin yẹn tó kúrò nílé.