Ohùn Ẹ̀rọ àti Etí Aláìríran ní Abidjan: Àgbéyẹ̀wò Kan

Ìfáárà

“Ojú lọ̀rọ̀ wà” ni àwọn Yorùbá máa ń wí. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju Yorùbá fúnra wọn lọ. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà ní í sọ, ojú ni ó ń bá sọ ọ́: àwòrán kéékèèké, àwọ̀ lóríṣiríṣi, fèrèsé tí ń ṣí tí ń padé, àti ọfà tí ń rìn kiri bí ọwọ́ ti ń ti máòsì. Ẹni tí kò bá ríran yóò jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tí ó kọjú sí ògiri. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń wá bí ògiri yìí yóò ṣe sọ̀rọ̀, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ohun tí ó kù láti yẹ̀ wò ni èdè tí ó ń sọ, àti ẹni tí ó ń gbọ́ ọ.

Ìlú Abidjan dára fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Faransé ni èdè ìjọba níbẹ̀, Jula ni èdè ọjà, Baoulé, Bété àti Dan sì wà lára àwọn èdè tí à ń sọ nínú ilé. Àwọn Yorùbá tí àwọn ará ìlú náà ń pè ní Anago, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Ní àdúgbò Yopougon ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn aláìríran wà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí INIPA. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, Faransé náà ni ohùn tí kọ̀ǹpútà fi ń bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀.

Bí ògiri ṣe di alágbọ̀sọ

Ní ayé DOS, ọ̀rọ̀ náà kò le púpọ̀. Lẹ́tà nìkan ni ó wà lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kan lábẹ́ òmíràn, ètò kan sì lè mú ìlà kọ̀ọ̀kan fún ohùn àtọwọ́dá láti kà sókè. Ted Henter, ará Amẹ́ríkà tí ìjàǹbá ọkọ̀ fọ́ lójú ní 1978, wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Henter-Joyce sílẹ̀ ní 1987. Ibẹ̀ ni ètò akàwé tí à ń pè ní JAWS ti jáde ní 1989. Nígbà tí Windows gbòde, ilẹ̀ yí padà. Àwòrán gba ipò lẹ́tà, ohùn kò sì rí ohun tí yóò kà mọ́. Àwọn aláìríran tí ó ti rí iṣẹ́ ọ́fíìsì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù pé ilẹ̀kùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fẹ́ padé. Ní 1995 ni JAWS ti Windows jáde, ọkàn wọn sì balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó àṣẹ àtilò ètò náà tó nǹkan bí 900 dọ́là, èyí tí ó lè ju iye kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lọ. Ní 2006, Michael Curran, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọsirélíà tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí NVDA, ó sì ṣe é ní ọ̀fẹ́. Fún ìlú bí Abidjan, ọ̀fẹ́ yìí ṣe pàtàkì ju ọgbọ́n inú ètò náà lọ.

Ó yẹ kí a mọ bí ètò akàwé ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò ní ojú tí ó fi ń wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ìbéèrè ni ó ń bi ètò tí ó wà níbẹ̀: kí ni èyí, kí sì ni orúkọ rẹ̀? Bí ẹni tí ó ṣe ètò náà bá ti fún bọ́tìnnì ní orúkọ, ètò akàwé yóò pè é, aláìríran yóò sì mọ̀ bóyá bọ́tìnnì ìfìwéránṣẹ́ ni tàbí ti ìparẹ́. Bí kò bá fún un ní orúkọ, “bouton” nìkan ni yóò máa gbọ́: bouton, bouton, bouton, bí ẹni tí ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò sí orúkọ lára ilẹ̀kùn kankan. Nítorí náà, ìrọ̀rùn kọ̀ǹpútà kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe ètò akàwé nìkan. Ó wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó bá ń ṣe ètò. Kọ̀ǹpútà tí a bá fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, tí a kò fi ètò akàwé sí, tí a kò sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ṣe ń fi bọ́tìnnì Tab àti àwọn ọfà rọ́pò máòsì, ògiri ni a gbé fún wọn.

Ohun tí ohùn Faransé kò sọ

Ohùn Faransé inú àwọn ètò wọ̀nyí yẹ fún ìyìn. Ó yára, ó já gaara, ẹni tí etí rẹ̀ bá ti mọ́ ọn sì lè fi í kàwé kíákíá. Àmọ́ àbùkù kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn tí ń yìn ín kì í sábà mẹ́nu bà. Akọtọ́ Faransé àti ìpè rẹ̀ jìnnà síra. “Ver” ni kòkòrò, “vert” ni àwọ̀ ewé, “verre” ni ife tí a fi ń mu omi, “vers” ni ìhà ibi tí à ń lọ. Etí kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ohùn nìkan kàwé fún ọdún mẹ́fà lè mọ ìtàn, kí ó mọ òfin, kí ó sì fìdí rẹmi nínú àpèkọ. Lóòótọ́, ó lè ní kí ẹ̀rọ pe lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún òun, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa dúró sórí gbogbo ọ̀rọ̀? Ìdí nìyí tí ọgbọ́n tí Louis Braille tẹ̀ jáde ní 1829 kò fi tíì di ohun àtijọ́. Ẹ̀rọ tí ń gbé àmì Braille sókè sábẹ́ ìka, tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, ni ó lè fi akọtọ́ han aláìríran. Ọ̀wọ́n rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó dé ọwọ́ púpọ̀.

Nígbà tí ohùn Faransé bá ń ka Yorùbá

Ẹ jẹ́ kí a wá gbà pé lẹ́tà kan ti Èjìgbò dé orí kọ̀ǹpútà aláìríran kan tí ó jẹ́ Anago. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ kò bá fi àmì sí i, “ile” yóò di “il”, nítorí Faransé kì í pe irú “e” bẹ́ẹ̀ tí ó bá gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. “Ade” yóò di “ad”, “ire” yóò di “ir”. Nínú “oju”, “j” yóò di kọ́ńsónáǹtì tí Yorùbá kò ní, “u” yóò sì di fáwẹ́lì tí a ń ká ètè jọ pè nígbà tí ahọ́n wà níwájú, èyí tí kò sí nínú èdè wa. “P” Yorùbá, tí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń pè, yóò di “p” lásán. Bí akọ̀wé náà bá sì fi àmì sí i bí ó ti yẹ, ìyọnu mìíràn ni: bí ohùn náà bá kan ẹ, ọ tàbí ṣ, ó lè fò ó, ó sì lè dúró láàárín ọ̀rọ̀ kí ó máa pe orúkọ àmì náà. Ní ti ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, kò sí wọn níbẹ̀ rárá. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun yóò di ọ̀kan náà.

Ohun tí ó dunni jù ni èyí: akọtọ́ Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìpè rẹ̀ mu tán. Ohùn tí ó bá ka ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti sọ bí a ṣe ń kọ ọ́ fún ẹni tí ń gbọ́. Èdè tí ohùn ẹ̀rọ ìbá wúlò fún jù ni kò ní ohùn náà, èyí tí ohùn nìkan kò tó fún sì ni ó ní in. Nínú àwọn ohùn tí ó ń bá NVDA wá lọ́fẹ̀ẹ́, Faransé wà níbẹ̀. Yorùbá, Baoulé, Bété àti Dan kò sí.

Ọwọ́ àwọn onímọ̀ èdè kò mọ́

Yóò rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn aṣẹ̀dá ẹ̀rọ. Àmọ́ àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn òǹkọ̀wé ní ìpín tiwọn. Ní 1979, àwọn onímọ̀ Institut de Linguistique Appliquée ní Abidjan gbé ìlànà akọtọ́ jáde fún àwọn èdè Côte d'Ivoire. Nínú akọtọ́ àwọn èdè bí i Dan, àmì ìdánudúró ni wọ́n fi ń tọ́ka ohùn: àmì kékeré òkè tàbí ìlà kékeré níwájú ọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ńlá ni nígbà náà, nítorí àwọn àmì wọ̀nyí ti wà lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Faransé. Ṣùgbọ́n ètò akàwé gbà pé àmì ìdánudúró kì í ṣe ara ọ̀rọ̀. Yálà kí ó fò ó, tàbí kí ó pe orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó ran ojú lọ́wọ́ wá di ìdènà fún etí.

Tiwa kò sàn jù. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ni a tẹ̀ pẹ̀lú fọ́ǹtì àdáṣe, tí a yọ àmì kan kúrò ní ipò rẹ̀ láti gbé ẹ sí i. Ojú rí ẹ. Ẹ̀rọ rí ohun mìíràn, yóò sì kà á bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń fa ìlà sábẹ́ “e” dípò àmì. Lójú ẹ̀rọ, “e” lásán ni. Unicode ní ẹ, ọ àti ṣ ní odidi, ṣùgbọ́n ẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ àkànpọ̀ ẹ àti àmì òkè. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ láti é kí ó tó fi àmì sábẹ́, ojú rí ọ̀kan náà, ètò tí kò bá gbọ́n tó yóò sì kà á sí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Èyí tí ó wá burú jù ni ìwé tí a ya ní fọ́tò tí a sì pè ní ìwé orí kọ̀ǹpútà: kò sí lẹ́tà kan nínú rẹ̀.

Ìkádìí

Àwọn kan yóò sọ pé Faransé ni èdè ìdánwò àti ti iṣẹ́ ní Abidjan, kí aláìríran mọ̀ ọ́n ná. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n aláìríran ní ìyá tí ń kọ̀wé sí i, ó ní ẹ̀sìn, ó ní ọjà, ó ní orúkọ tí ó yẹ kí ẹ̀rọ lè pè. Côte d'Ivoire fìdí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn múlẹ̀ ní 2014, ìlà kẹsàn-án àdéhùn náà sì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn lè lò. Ohùn Yorùbá pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti yàrá ìwádìí: ní 2023, ilé-iṣẹ́ Meta gbé ọgbọ́n ìkàwé sókè jáde fún èdè tí ó ju 1,100 lọ, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ohùn yàrá ìwádìí kò tíì tó ti orí tábìlì, èyí tí ó gbọ́dọ̀ dáhùn lójú ẹsẹ̀ bí ìka bá ti kan bọ́tìnnì, kí íntánẹ́ẹ̀tì wà tàbí kí ó má sí. Àmọ́ bí ohùn náà bá tilẹ̀ pé lọ́la, kí ni yóò kà, nígbà tí ìwé wa kò ní àmì?

Yorùbá ní bí afọ́jú bá sọ pé òun yóò sọ òkò, ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀. Aláìríran Abidjan ti tẹ ti Faransé mọ́lẹ̀. Ti Yorùbá, ti Dan àti ti Bété ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ èdè wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ti yẹ lónìí ti gbé òkò kan sí ibi tí ẹsẹ̀ yóò ti kàn án.