Fóònù Mélòó, Ènìyàn Mélòó? Àríwísí lórí Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ Oǹkà Àbẹ̀wò sí Ìkànnì Ilé Ìkàwé

Àwọn ilé ìkàwé yunifásítì a máa fi àtẹ kan sínú ìjábọ̀ ọdọọdún wọn: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àbẹ̀wò sí ìkànnì wọn ló ti orí fóònù wá, mélòó ló ti orí kọ̀ǹpútà wá. Àtẹ náà wúlò. Ìtumọ̀ tí wọ́n sábà máa ń fún un ni àríwísí wa dá lé.

Èkíní, ìdá fóònù lè ga láìsí pé ẹnikẹ́ni kún. Bí àbẹ̀wò orí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ 800, tí ti fóònù jẹ́ 200, fóònù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé bá bàjẹ́, tí 800 wá di 300, ìdá fóònù á di 40. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ pé fóònù làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn jù ti sọ àìní di ìfẹ́.

Èkejì, ẹ̀rọ ni irinṣẹ́ bíi Google Analytics sábà máa ń kà, kì í ṣe ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní fóònù àti kọ̀ǹpútà lè di méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá tó ń pín kọ̀ǹpútà kan lò lè di ẹyọ kan. Láti ọdún 2019, Safari orí iPad sábà máa ń pe ara rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà Mac, ó sì lè bọ́ sí ìlà kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀kẹta, àbẹ̀wò kúkúrú kì í ṣe àìbìkítà. Ẹni tó fẹ́ mọ aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn rí ìdáhùn lójú ewé kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Universal Analytics a máa ka irú rẹ̀ sí àbẹ̀wò tó já sófo. GA4, tó rọ́pò rẹ̀ ní 2023, kà á sí àbẹ̀wò gidi bó bá ti ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ. Ẹni tó ń fi oǹkà 2022 wé ti 2024, igbá méjì tí kò dọ́gba ló fi ń wọn àgbàdo.

Èyí tó wúwo jù ni owó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fagi lé owó-orí fáránkì CFA 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan fún lílo Facebook, WhatsApp àti irú wọn, lẹ́yìn tí ará ìlú fárígá. Níbi tí wọ́n ti ń ka mẹ́gábáìtì bí ẹni ń ka owó ẹyọ, àbẹ̀wò tí kò pọ̀ kò fi hàn pé ìwé kò wu akẹ́kọ̀ọ́ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ ẹ́ kà.

Kí iye gan-an máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá. Kí a ya àbẹ̀wò inú ọgbà sọ́tọ̀. Kí a sì tó ti yàrá kọ̀ǹpútà pa, ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó ń fi fóònù ka ìwé olójú-ewé ọgọ́rùn-ún: ṣé ó yàn án ni, àbí kò rí òmíràn?